Kámẹ́rà, Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀nà Ọ̀fun: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Wa Ní Ilẹ̀ Okun Máa Ń Béèrè

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Yagba ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Mo kọ àwọn ìdáhùn yìí fún ẹ̀yin ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí dókítà ti dárúkọ endoscopy fún (àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ọ̀pá oní-kámẹ́rà wo inú ọ̀nà ọ̀fun), tí ẹ wá ń wá ẹni tí yóò là á yé yín ní èdè tiwa. Ohun tó ká mi lára jù ni pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣàdédé dé. Ó máa ń pẹ́ nínú ara kó tó di jẹjẹrẹ, àsìkò yẹn ṣeé rí, ó sì ṣeé tọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń jẹ́ kí àsìkò náà kọjá.

Kí tiẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun, kí ló sì ń yí padà nínú rẹ̀?

Ọ̀nà ọ̀fun ni ihò tí oúnjẹ ń gbà láti ẹ̀yìn ahọ́n dé àpò oúnjẹ. Gígùn rẹ̀ lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Awọ rírọ̀ ló tẹ́ inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa.

Ọ̀nà méjì ni awọ yìí sábà máa ń gbà bàjẹ́. Ọ̀kan ni pé ọtí, tábà, ohun gbígbóná janjan tàbí ọgbẹ́ àtijọ́ a máa da àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rú díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi máa hù ségesège. Dysplasia ni àwọn dókítà ń pè é. Irú jẹjẹrẹ tó ń tibẹ̀ jáde ló pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ìkejì ni pé omi kíkan inú àpò oúnjẹ a máa gòkè wá láti ọdún dé ọdún, a sì jó awọ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun débi pé awọ mìíràn tó jọ ti ìfun á hù rọ́pò rẹ̀. Barrett ni wọ́n ń pe ìyẹn, wọ́n fi sọrí Norman Barrett, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Ìlú Ọba tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1950. Barrett fúnra rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní in láìsí dysplasia, kì í tó ẹnì kan tó ń di jẹjẹrẹ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Ṣé àìsàn yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Kò wọ́pọ̀ tó jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ tàbí ti próstéètì. Apá ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, bíi Kenya àti Malawi, ló ti ń jà jù. Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà yìí: ní 2022, àwọn tí wọ́n rí i lára wọn kárí ayé lé ní 500,000, àwọn tó sì kú sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan náà tó nǹkan bíi 445,000. Nọ́ńbà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, torí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tí omi pàápàá kò bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ mọ́.

Oúnjẹ ti ń há bàbá wa lọ́fun. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀?

Iyán ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tó ti ń gbé òkèlè ńlá mì láti kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́wẹ́. Á ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ ilá sí i dáadáa, á sì máa fi omi ti òkèlè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, á ní iyán kò wu òun mọ́, kí wọ́n ro àmàlà. Àmàlà náà á di ẹ̀kọ mímu. Ará ilé á ní àgbà ló dé, bàbá kò fẹ́ oúnjẹ líle mọ́. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń pààrọ̀ oúnjẹ báyìí, tí kì í sì í ṣe pé eyín rẹ̀ ti ká, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de ìkórè tàbí ọdún Kérésì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn.

Oúnjẹ tó há lẹ́ẹ̀kan nítorí pé èèyàn kánjú jẹun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpayà. Èyí tó ń padà wá, tó sì ń le sí i, ni ká wá nǹkan ṣe sí. Àwọn àmì mìíràn ni kí èèyàn máa rù láìnídìí, kó máa bì ẹ̀jẹ̀, kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ohùn rẹ̀ há tí kò sì là, tàbí kí ikọ́ máa gbé e ní gbogbo ìgbà tó bá ń gbé oúnjẹ mì.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ń há lọ́fun ni jẹjẹrẹ. Àpá tí omi kíkan dá síbẹ̀ lè fún ọ̀nà náà pọ̀. Iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun lè kọ̀ láti ṣí. Èéhù funfun lè bo inú ọ̀fun ẹni tí agbára àjẹsára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àwọn yìí ní ìtọ́jú tiwọn. Kámẹ́rà ló máa ń fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

Ṣé tí kò bá tíì di jẹjẹrẹ, èèyàn á máa mọ̀ ọ́n lára?

Rárá. Àyípadà tó ṣáájú jẹjẹrẹ kì í dunni, kì í sì í dí ọ̀nà. Gbogbo àmì tí mo kà lókè yẹn, ìgbà tí nǹkan ti ń lọ jìnnà ni wọ́n sábà máa ń yọjú. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e yìí fi ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ìyókù lọ.

Ta ló wá yẹ kó lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ẹni tí àyà ti ń ta fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀ lóru, ló yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọkùnrin tó ti lé ní ẹni 50 ọdún, tó sanra púpọ̀, tó ń mu sìgá, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun rí. Ẹni tó ń mu sìgá, tó tún ń mu ògógóró tàbí bùrùkùtù lámujù, wà nínú ewu ju ẹni tó ń ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í kúrò lọ́kàn mi ni àwọn tó mu sóódà ọṣẹ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kan ń se ọṣẹ, ó po sóódà, ó rọ èyí tó kù sínú ike omi tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ ti ibi eré dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé e mu. Àwọn tí Ọlọ́run dá sí nínú wọn lọ sí ilé ìwòsàn títí, wọ́n fi ohun èlò fẹ ọ̀nà ọ̀fun wọn lójú, wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, wọ́n gbàgbé. Àpá yẹn kò gbàgbé. Jẹjẹrẹ lè hù níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà endoscopy ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò nígbà tó bá ti tó ọdún 15 sí 20 lẹ́yìn tó mu ún. Nítorí náà, tí ẹ bá mọ ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, tó mu sóódà ní kékeré, ẹ sọ fún un, bó tilẹ̀ ń jẹ iyán dáadáa. Tí ẹ bá sì ń se ọṣẹ, ẹ má ṣe rọ sóódà sínú ohunkóhun tí èèyàn ń fi mu omi. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ gbígbóná náà wà níbẹ̀. Ní 2016, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kí mímu ohun tó gbóná kọjá ìwọ̀n 65 Celsius máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Tíì tàbí ẹ̀kọ tó ń jó ahọ́n ni wọ́n ń wí. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀pá endoscopy jẹ́ rọ́bà tó ń tẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ kékeré lọ. Iná àti kámẹ́rà wà ní orí rẹ̀, àwòrán sì ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n níwájú dókítà. Iná funfun lásán ni ti àtijọ́. Wíwá dysplasia lábẹ́ iná funfun dà bí wíwá àbàwọ́n epo lára aṣọ pupa: ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lè kọjá lórí rẹ̀.

Nítorí náà, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Èyí tó pẹ́ jù ni aró. Dókítà á wọ́n omi áyódínì tí wọ́n ń pè ní Lugol sí ara ọ̀nà ọ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì tó dáa ti kó irú ṣúgà kan pamọ́ sínú, áyódínì á mú un, ibẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti ń hù ségesège kò ní ṣúgà yẹn tó, kò ní gba aró, á sì dá yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Fún Barrett, omi kíkan bíi fíníga tí wọ́n ti bu omi là ni wọ́n ń wọ́n. Gbogbo ibẹ̀ á funfun, ṣùgbọ́n ibi tó ti bàjẹ́ ni funfun rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló tún tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ Olympus ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní NBI. Dípò ìmọ́lẹ̀ funfun, búlúù àti àwọ̀ ewé nìkan ló ń lò, èyí tí gígùn ìgbì wọn jẹ́ nánómítà 415 àti 540. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yìí mì, nítorí náà iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín á yọ dúdú láàárín awọ. Dókítà Haruhiro Inoue ní Japan to bí àwọn iṣan kéékèèké yìí ṣe máa ń rí ní ìpele-ìpele: nínú awọ tó dáa, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì tò létòlétò, níbi tí jẹjẹrẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wú, wọ́n á lọ́ mọ́ra, ìwọ̀n wọn kò ní bára mu mọ́.

Ìgbà tó di ti kọ̀ǹpútà gan-an, FICE ti Fujifilm àti i-scan ti Pentax kì í yí iná padà. Iná funfun náà ni, kọ̀ǹpútà ló ń tún àwọ̀ àwòrán ṣírò lójú ẹsẹ̀ kí ààlà ibi tó bàjẹ́ lè yọ. Bọ́tìnì kan ló wà lórí ọwọ́ ọ̀pá náà. Dókítà á tẹ̀ ẹ́, àwòrán á yí padà, á tún tẹ̀ ẹ́, á padà bó ṣe wà. Kò sí oògùn kankan tó wọ ara yín nítorí ìyẹn.

Èyí tó dé kẹ́yìn ni ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI. Wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán han kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn àgbà dókítà ti sàmì sí, títí ó fi mọ bí ibi tó bàjẹ́ ṣe ń rí. Bí kámẹ́rà bá ti ń lọ, tí kọ̀ǹpútà bá fura sí ibì kan, á fa ìlà yí i ká lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ṣé AI ló máa sọ fún mi pé mo ní jẹjẹrẹ?

Rárá o. Ó ń tọ́ka ni. Dókítà á wo ibẹ̀, á gé ẹran bíńtín níbẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ fún dókítà tó ń fi maikirosíkóòpù yẹ ẹran ara wò. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn la ń gbà. Tó bá jẹ́ Barrett, àṣà ni pé kí wọ́n gé ẹran bíńtín ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, láfikún sí ibi tí ojú bá ti fura sí.

Ṣé ó tiẹ̀ sàn ju ojú dókítà lọ?

Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà Netherlands ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 2020, wọ́n fi àwòrán Barrett kan náà han kọ̀ǹpútà àti dókítà 53 tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú Barrett. Kọ̀ǹpútà gba ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn dókítà gba 73. Èyí dùn mọ́ mi nínú, nítorí dókítà tó bá ń dá ṣiṣẹ́ ní ibi tó jìnnà lè ní olùrànlọ́wọ́ tí ojú rẹ̀ ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán.

Síbẹ̀, ó lè ṣì. Ó lè fa ìlà yí ibi tí kò ní nǹkan kan ká. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ púpọ̀ wá láti Yúróòpù, Japan àti China, kì í ṣe láti ara àwọn tí sóódà ti dá àpá sí lọ́fun. Kò sì lè rí ohun tí itọ́ tàbí oúnjẹ àná bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó mu ẹ̀kọ láàárọ̀ tó wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun kò jẹun, iṣẹ́ kámẹ́rà ló bàjẹ́ yẹn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, torí oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Báwo ni ọjọ́ àyẹ̀wò ṣe ń rí? Ṣé ó máa ń dunni?

Ẹ kò ní jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà. Nípa omi, ohun tí ilé ìwòsàn bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó ní oyún, kó ti sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Kẹ́ ẹ má sì dáwọ́ oògùn kankan dúró fúnra yín.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ yọ eyín àtọwọ́dá. Wọ́n á fín oògùn sí yín lọ́fun. Ó korò, ọ̀fun á sì kú bí ẹni pé ó ti wú, ṣùgbọ́n kò wú. Wọ́n lè fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń múni tòògbé. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n á fi òrùka ike kan sáàárín eyín yín. Nígbà tí ọ̀pá bá ń kọjá ẹ̀yìn ahọ́n, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó bì. Ibẹ̀ ló le jù. Ẹ máa mí gba imú, ẹ jẹ́ kí itọ́ máa dà síta, ẹ má gbé e mì, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹ̀sín. Ọ̀pá náà kò dí ọ̀nà tí èèyàn fi ń mí. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 sí 20 lọ, ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i tí wọ́n bá ń fi aró àti NBI wò ó. Ẹran bíńtín tí wọ́n ń gé kì í dunni.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kí ọ̀nà ọ̀fun lu. Tí àyà bá dùn yín gidigidi lẹ́yìn àyẹ̀wò, tí ibà dé tàbí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ oorun, ẹ ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tàbí gun ọ̀kadà padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Láti Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ibo la máa lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nítòsí, ní ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kí dókítà lè kọ lẹ́tà fún yín. Ará Yagba sábà máa ń kọjú sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin. Ará Kàbà àti Bùnú sí Lọ́kọ́jà. Gwagwalada, Ilé-Ifẹ̀ àti UCH Ìbàdàn náà wà. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ pè wọ́n láti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é àti bóyá ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ebi àti ojú ọ̀nà wa pa pọ̀ ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ AI níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ká dúró dè é?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró. Dókítà tó fara balẹ̀, tó fọ inú ọ̀nà ọ̀fun mọ́ dáadáa, tó sì ní ìgò áyódínì lọ́wọ́, lè rí ohun púpọ̀ láìsí AI rárá. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ máa lo NBI tàbí aró?” Ìbéèrè yẹn kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú ní bọ́tìnì NBI tàbí i-scan lára tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ pé kànrìnkàn kan wà téèyàn ń gbé mì. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rebecca Fitzgerald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ló ṣe é. Wọ́n ká kànrìnkàn sínú kápúsù tí wọ́n so òwú mọ́. Èèyàn á gbé e mì, kápúsù á yọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kànrìnkàn á tú, nọ́ọ̀sì á sì fà á jáde pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ ọn. Barrett ló wà fún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ẹni tó lé ní 13,000, tó jáde ní 2020, fi hàn pé ó ń jẹ́ kí wọ́n rí Barrett ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju bí wọ́n ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan tún wà, WATS3D, tí dókítà ń gba inú ọ̀pá endoscopy fi gbá awọ jinlẹ̀ díẹ̀, tí kọ̀ǹpútà á sì to àwòrán sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ fún dókítà. Nọ́ọ̀sì lè fa kànrìnkàn láìsí yàrá endoscopy. Ì bá dùn mọ́ mi kó dé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wa.

Ṣé X-ray tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀?

X-ray tí wọ́n ń mu ẹfun báríọ́ọ̀mù fún lè fi ibi tó ti fún hàn. Kì í fi àyípadà ìbẹ̀rẹ̀ hàn. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè rọ́pò endoscopy fún un.

Tí wọ́n bá wá rí i, kí ló kàn?

Tó bá jẹ́ Barrett láìsí dysplasia, oògùn tó ń dín omi kíkan kù ni, wọ́n á sì tún wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Tí dysplasia bá wà, wọ́n máa ń fẹ́ kí dókítà maikirosíkóòpù mìíràn tún un wò kó dájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè gba inú ọ̀pá endoscopy kan náà fi ooru jó awọ tó bàjẹ́, kí awọ tuntun lè hù. Wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ ti omi sábẹ́ rẹ̀ kó gbé sókè, kí wọ́n fi wáyà gé e kúrò. Jẹjẹrẹ tí kò tíì kọjá awọ òkè pàápàá ṣeé gé báyìí láìla àyà. Tó bá ti wọlé jìnnà, iṣẹ́ abẹ ńlá, oògùn jẹjẹrẹ àti ìtànṣán ló kù, tàbí kí wọ́n ki túùbù kékeré kan sí ọ̀nà ọ̀fun kí oúnjẹ lè rí ibi kọjá.

Omeprazole ni mo máa ń rà ní kẹ́mísì, àyà kì í sì í ta mí mọ́. Ṣé kò tó?

Ó lè pa ìtá náà kí awọ sì ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá ti ń rà á fúnra yín lóṣù dé oṣù, ẹ sọ fún dókítà.

Wọ́n ní ìyá wa jẹun lójú orun, ìyẹn ló há a lọ́fun. A ti ń gbàdúrà.

Ẹ máa gbàdúrà lọ. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìsọjí ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún tàbí àgbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gba ipò kámẹ́rà, torí pé ohun tó wà lọ́fun ìyá ń dàgbà láàárín ìgbà yẹn. Ẹ bẹ pásítọ̀ tàbí àlùfáà kó gbàdúrà fún un kó tó wọ ọkọ̀ Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà, tí a bá bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Kí la máa mú dání?

Lẹ́tà dókítà, gbogbo oògùn yín nínú páálí wọn (àgbo náà, ẹ sọ ọ́), èsì àyẹ̀wò àtijọ́, káàdì ìbánigbófò ìlera tẹ́ ẹ bá ní, àti ẹnì kan tó máa bá yín padà sílé. Tí ẹ bá mu sóódà rí, ẹ kọ ọdún tó ṣẹlẹ̀ sórí ìwé. Ẹ béèrè iye owó kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá owó àyẹ̀wò ẹran wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà á. Èsì ẹran yẹn kì í jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tẹ́ ẹ máa pè, kẹ́ ẹ sì mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.